Lẹ́tà Ìtọrọ Tí Wọ́n Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni Fàrídátù kọ́kọ́ rí: ẹ̀yìn gbọọrọ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ojú ọ̀run, eruku ṣọ́ọ̀kì lórí irun, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí pátákó. Ó ń nu ohun tí Fàrídátù ti kọ síbẹ̀ látìgbà tí àwọn ọmọ ti jáde lọ jẹun, lẹ́tà tó tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí eyín ọmọge. Fàrídátù já wọ inú kíláàsì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan pátákó mi?"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ojú rẹ̀ dára, ìyẹn sì tún bí Fàrídátù nínú sí i.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mùnírù ni mí, tíṣà tuntun tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Mo ní kí àwọn ọmọ yìí ka ohun tí wọ́n dà kọ lánàá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí i kà."

"Kíkà kì í ṣe iṣẹ́ tèmi. Kíkọ ni wọ́n gbà mí fún."

"Ṣé ẹnu kan ni wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ, tí wọ́n á wá fi òmíràn gbé e mì ni?"

"Ẹ jáde!"

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, ní ilé-ìwé kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Ìyá onílé-ìwé ló la iṣẹ́ náà sí méjì: tíṣà kan fún ìwé kíkà láàárọ̀, òmíràn fún ìwé kíkọ lọ́sàn-án. Ohun tí àwọn ọmọ kà láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ lọ́sàn-án. Wọ́n ń ké ìwé láìwojú rẹ̀ bí ẹyẹ ayékòótọ́, wọ́n sì ń ya lẹ́tà bí ẹni ya òdòdó. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́.

Ọlọ́run tó fi iyọ̀ sínú òkun ló mọ bó ṣe ń fi ìfẹ́ sínú ìjà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà. Ojoojúmọ́ náà ni Mùnírù ń dúró dè é lẹ́nu géètì, tí wọ́n á jọ rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gbé èrò lọ sí Lakowe.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, a-bínú-má-burẹ́wà! Obìnrin tó fajú ro tán, tó tún gún régé. Ata wẹ́wẹ́ tí í mú ọbẹ̀ gbayì!" Mùnírù á máa fi oríkì rẹ̀ kì í.

"Fi mí sílẹ̀ jàre," Fàrídátù á wí, ẹ̀rín á sì máa yọ ní kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí Mùnírù bá ti ní, "Jẹ́ ká da kíláàsì méjèèjì pọ̀," ojú á yí padà.

"Wo ìwé Làtífátù, àbúrò mi. Ọwọ́ ta ló dára tó tirẹ̀ nínú kíláàsì yẹn? Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ṣé ó lè kà á?"

Fàrídátù á bọ́ sínú kẹ̀kẹ́. Ó mọ ìdáhùn. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó wí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, bàbá rẹ̀, Àlùhájì Ìdírísù, gbaná jẹ. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ ní Lakowe kí ilé àwọn olówó tó hù síbẹ̀.

"Ọmọ bíríkìlà? Bíríkìlà tó ti Ìwó wá po sìmẹ́ńtì lórí ilẹ̀ tí a tà?"

"Bàbá, bí bíríkìlà ò bá kọ́lé, ta lẹ ó máa gba owó-ilé lọ́wọ́ rẹ̀? Koríko?"

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó bẹ̀, ó gbàdúrà, títí Àlùhájì fi ní, "Kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ṣílẹ̀kùn."

Wọ́n wá ní ọjọ́ Àìkú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n gbé lẹ́tà ìtọrọ fún ọmọbìnrin tó kéré jù nínú ilé kó kà á sétí gbogbo ènìyàn. Làtífátù gbà á. Kò wo ìwé. Ó gbójú sókè, ó sì ń ké lẹ́tà tó ti há sórí nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀gbọ́n wọn àgbà fún ọkọ:

"Ọmọ wa Quadri rí òdòdó kan nínú ọgbà yín..."

Quadri ni ọkọ ẹ̀gbọ́n wọn, olówó tó ń gbé ní Lẹ́kí. Bàbá Mùnírù dìde.

"Ṣé Quadri ni orúkọ ọmọ mi? Àlùhájì, ṣé ẹ pè wá kẹ́ ẹ lè fi àna yín olówó pẹ̀gàn wa ni?"

"Ta ló pẹ̀gàn yín? Ṣé inú ilé mi lẹ ti ń jágbe mọ́ mi?"

"Ó dìgbóṣe!" Bàbá náà kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Mùnírù nìkan ló dúró díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná. "Àbẹ̀kẹ́, o mọ̀ pé ọmọ yìí ò lè kàwé. O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n gbé e fún un." Ó lọ.

Fàrídátù fa Làtífátù wọ yàrá, ó ti gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí.

"Àǹtí mi," ọmọ náà ń sunkún, "ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yà á. Ẹ ò kọ́ mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀."

Fàrídátù sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìbínú tó gbé wá fún ọmọ ṣẹ́rí padà sórí òun fúnra rẹ̀, kò sì rí ibi sá sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó já wọ ọ́fíìsì ìyá onílé-ìwé. "Mà, láti òní lọ, èmi àti Tíṣà Mùnírù la ó jọ máa kọ́ kíláàsì yẹn."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ? Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà!"

"Ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ló dójú ti ilé wa lánàá. Tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ, mo lọ. Ṣùgbọ́n màá dúró lẹ́nu géètì yẹn, màá ní kí òbí kọ̀ọ̀kan ní kí ọmọ rẹ̀ ka ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ."

Obìnrin náà pòṣé, ó fọwọ́ júwe ọ̀nà kíláàsì fún un.

Nínú kíláàsì, Mùnírù kò wo ojú rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ẹ o."

"Kó máa bí ẹ. Ṣùgbọ́n sún fún mi." Ó mú ṣọ́ọ̀kì. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo jẹ̀bi, Mùnírù. Jẹ́ ká jọ ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ọmọ á fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, á kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹnì kejì rẹ̀ á kà á, á sì kọ èsì padà. Lẹ́tà wọn wọ́, ìyá onílé-ìwé ń fajú ro. Ó ṣe, Làtífátù kọ ọ́ pé òun ò fẹ́ràn ẹ̀wà. Ọmọ tó jókòó tì í kà á, ó kọ ọ́ padà pé kó máa gbé e fún òun. Làtífátù fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá ké tòò:

"Àǹtí mi, ó dá mi lóhùn!"

Mùnírù wo Fàrídátù fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ìtọrọ. Àwọn méjèèjì yára gbójú kúrò, kí omijé má bàa já bọ́ níṣojú àwọn ọmọ.

Fàrídátù mú àbúrò rẹ̀ lọ sí Ajah, níbi tí Bàbá Mùnírù ti ń to búlọ́ọ̀kù. Wọ́n kúnlẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ ń ba aṣọ yín jẹ́," bàbá náà wí. "Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n a kì í fi èébú tún ògiri tó wọ́ ṣe; à á wó o ni, ká tún un tò. Màá wá. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ yìí kan náà ni kó ka lẹ́tà ọ̀hún."

Nílé, Àlùhájì fárígá. "Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ṣílẹ̀kùn!"

Ìyá Fàrídátù ò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi ni mo máa ṣí i," ó wí.

Wọ́n tún pé jọ. Làtífátù tẹjú mọ́ ìwé, ó ń kọsẹ̀. Àlùhájì ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Ṣé ó máa dọ̀la ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Fàrídátù àti Bàbá Mùnírù jọ pariwo pọ̀.

"Ọmọ... wa... Mùnírù," ọmọ náà kà, ohùn rẹ̀ sì là, "ń fẹ́ Fàrídátù, ọmọ yín. A wá tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

Kò tíì tán. Ó fa ìwé mìíràn yọ, èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè fún un kọ. Lẹ́tà ibẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ akàn.

"Ẹ̀yin àna wa, mo ti ka lẹ́tà yín. Ẹ máa mú Àǹtí mi lọ. Wọ́n máa ń tètè bínú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣàṣìṣe, wọ́n máa ń padà wá tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé wa. Èmi Làtífátù ni mo kọ ọ́."

Àlùhájì gba ìwé náà, ó wò ó títí. Ó wá wo Mùnírù tó ti dọ̀bálẹ̀ látàárọ̀.

"Ọmọ bíríkìlà," ó wí, ohùn rẹ̀ ṣì le, "dìde nílẹ̀, wá jókòó."

Ó na ìwé náà sí Bàbá Mùnírù. Ẹni yẹn ṣí fìlà, ó ká ìwé náà sínú rẹ̀, ó sì dé e padà.

Mùnírù bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé inú ṣì ń bí ẹ?"

"Gan-an ni," Fàrídátù dáhùn. "Sún fún mi."