Irin Méjì Tó Ṣẹ́kù

"Bọ̀dá Dúndé, ẹ dorí ìwé yẹn kodò o."

Shakirat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ, kí lo mọ̀? Báyìí la ṣe ń kà á ní Múṣin!"

Ìyá rẹ̀, Àǹtí Sìmíátù, wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ká ìwé náà, mo jù ú sójú fèrèsé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Èmi Abọ́dúndé, ọmọ ogún ọdún, káfíńtà tí pákó ń gbọ̀n tó bá gbóhùn rẹ̀!

Ọdún 1992 yìí náà ni. Àǹtí ra àpótí mẹ́rin lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó padà sílùú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tò léra, dúrọ́ọ̀ méjì-méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ó. Wọ́n ní kí n bá wọn tò ó sí yàrá àwọn ọmọ wọn ní Súrùlérè, Shakirat àti Àríkẹ́, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Ṣé kò ní wó lu àwọn ọmọ?"

"Àǹtí, bí erin bá fara tì í, erin ló máa ṣubú!"

Mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra, mo fi sùkúrúù dè wọ́n pọ̀. Ó ga jù mí lọ. Bí mo ṣe parí, irin kékeré méjì tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ ṣẹ́kù sínú ọ̀rá.

"Dúndé, èyí ńkọ́?"

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tí nǹkan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá, torí kò fi nǹkan ṣòfò. Mo yan bí ọ̀gágun. "Àǹtí, ẹni tí kò mọṣẹ́ ni irin ń tán lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ju méjèèjì sápò. Nígbà tí mo délé, mo fi wọ́n kan dígí tí mo fi ń yarun mọ́ ògiri. Dígí dúró digbí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo mú ọ̀rẹ́ mi Débọ̀ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kí a tó débẹ̀, àpótí mẹ́rin ti di mẹ́wàá lẹ́nu mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní pálọ̀ ni a gbọ́ "Gbàà!" tí Àríkẹ́ sì figbe ta.

A sáré wọlé. Ọmọ náà ti fa àwọn dúrọ́ọ̀ jáde, ó gùn wọ́n bí àtẹ̀gùn, ó fẹ́ mú bèbí rẹ̀ lókè. Gbogbo rẹ̀ wó. Pákó orí bẹ́ẹ̀dì ló gba àpótí dúró, Àríkẹ́ wà nínú àlàfo tó kù lábẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Èmi àti Débọ̀ gbé àpótí kúrò.

Àǹtí ò pariwo. Wọ́n gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n ní kí Shakirat ka ìwé tó wà lójú fèrèsé.

"Ó ní ká má to ju méjì léra ní yàrá ọmọdé. Ó ní kí ẹrù tó wúwo wà nísàlẹ̀. Ó ní irin méjì yẹn la máa fi dè é mọ́ ògiri."

"Irin dà, Dúndé?"

"Mo... mo fi kan dígí mi."

Débọ̀, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo sáré lọ sí Múṣin, mo tú irin náà, mo dojú dígí kọ ògiri. Nígbà tí mo padà, mo na ìwé sí Shakirat. "Jọ̀ọ́, bá mi kà á. Àǹtí, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mo purọ́ ni."

"Mo fura lọ́jọ́ yẹn," ni Àǹtí wí. "Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀."

Mo to àpótí ní méjì-méjì léra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo gbẹ́ ihò sógiri, mo ki igi bọ̀ ọ́, mo de irin mọ́ ọn. Àwọn ìwé ilé-ìwé Shakirat tó wúwo wà nísàlẹ̀, bèbí wà níbi tí ọwọ́ Àríkẹ́ tó. Mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, kò mì. Mi ò dárúkọ erin.

Àríkẹ́ yọjú lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ètè tó wú. Bó ṣe rí mi, ó sá padà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Shakirat ì bá fi mí rẹ́rìn-ín, ó tán. Mo ti ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá wọ ilé yẹn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Àríkẹ́ ń sá sí.