Fíìmù Tí Ìyá Àgbà Fọ̀

Láàárín ìró Ìyá Àgbà àti híjáàbù mi, fíìmù mi ń fì lórí okùn aṣọ. Omi ọṣẹ ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ìyá Àgbà! Ta ló sá nǹkan yìí?"

Wọ́n yọjú láti ilé ìdáná, inú wọn ń dùn. "Èmi ni, Àkànkẹ́ mi. Ṣebí o sọ lánàá pé o fẹ́ lọ fọ fíìmù rẹ lónìí? Mo ní kí n bá ẹ dín iṣẹ́ kù. Mo rí ìrù rẹ̀ tó yọ síta nínú agolo, mo fà á, mo sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó dọ̀tí o!"

Mo jókòó sílẹ̀ gbì. Inú òkùnkùn ni ayàwòrán ti ń fọ fíìmù, kẹ́míkà ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá rí i ṣáájú, gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ ti parẹ́. Fọ́tò méjìlá tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta rìn kiri Ẹdẹ yà ti lọ nìyẹn.

Àǹtí Gbémi Fákọ̀yà, ayàwòrán láti Òṣogbo, ló ń kọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà onífíìmù ní gbọ̀ngàn kan l'Ókè-Gádà. Fíìmù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wa, kò sí ìkejì. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá dára jù ni yóò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ìsinmi. Láti ọdún méjì ni mo ti ń fi fóònù ya gbogbo ará àdúgbò wa. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe.

Kọ́láwọlé, ọmọ Sẹ̀kọ́nà tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ló rí omijé mi lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀yin ènìyàn, ojú ọmọkùnrin yìí! Bó bá ti wò mí báyìí, àyà mi a máa lù bí ẹni tó sáré wá láti ìlú Awo. Mo rò fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi agolo fíìmù kan sí i.

"Labeebah mi, má sunkún mọ́. Ti Najeem nìyí, kò wá mọ́ láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mo yà á tán. Fọ́tò gidi ló wà níbẹ̀. Kọ orúkọ ẹ sí i."

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún wọn? Torí pé mo fẹ́ràn ẹ ni o."

Agolo náà ṣì gbóná láti ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn mi ti dé Òṣogbo. Ṣùgbọ́n mo fojú inú rí orúkọ mi lábẹ́ fọ́tò ohun tí ojú mi kò rí rí. Mo dá a padà.

"Kọ́lá, o ṣeun. Ojú tìẹ ló ya eléyìí. Bí wọ́n bá yìn mí, ìwọ ni wọ́n ń yìn."

"Agídí!" Ó kẹ̀yìn sí mi. "Ìwọ àti Ìyá Àgbà ẹ, ẹ jọ máa fọṣọ lo ìsinmi."

Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀ mo wọ gbọ̀ngàn, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú Àǹtí Gbémi àti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.

"Ṣé wọ́n fi búlúù sí i?" Naimat, ọ̀kan nínú wa, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n ti lọ̀ ọ́?" ẹlòmíràn tún fi kún un.

Àǹtí Gbémi fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. "Mi ò bá ìyá yẹn wí. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ fífọ̀." Wọ́n gbé kámẹ́rà tiwọn lé mi lọ́wọ́. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù níbí. Padà dé kí aago mẹ́ta tó lù."

Mo bá Ìyá Àgbà níwájú ilé. Ẹnìkan ti ṣàlàyé fún wọn, ojú wọn sì ti rẹ̀. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sókè, wọ́n jókòó ṣánṣán, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n le ojú koko bí ará ìgbà wọn. Kì í ṣe ojú líle yẹn ni mo ń wá. Ká ní fóònù ni, mo lè ya ọgbọ̀n kí n ṣa ọ̀kan. Mo ní sùúrù, ìka mi ò kúrò níbi bọ́tìnnì.

"Àkànkẹ́, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ìyá Àgbà, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ kàn fọ̀ ọ́ mọ́ jù ni. Àwòrán inú ẹ̀ pàápàá bá ìdọ̀tí lọ."

"Yéè! Ọmọ yìí!" Wọ́n da orí sẹ́yìn, ìborùn já bọ́ léjìká, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu wọn sì yọ síta. Mo tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nínú yàrá òkùnkùn, a rọ̀gbà yí àwo kẹ́míkà ká lábẹ́ iná pupa. Bébà funfun tí wọ́n tẹ fọ́tò mi lé ló wà nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín kan yọ láti inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú, lẹ́yìn náà ni ìborùn tó ń já bọ́.

"Èmi ti rí ọmọṣẹ́ mi," Àǹtí Gbémi sọ.

Àtẹ́wọ́ sọ! Kọ́láwọlé sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má bínú. Ká ní o gba tèmi, fọ́tò yìí ì bá má sí láyé."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá bàjẹ́, ẹ má fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ì báà jẹ́ olólùfẹ́ ló gbé e fún yín. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìn tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, tiyín ni pátápátá.