Pákó Mẹ́fà Tí Ìyá Akínwálé Fi Sí Àjà

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọkùnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín sí èpè orí ara rẹ̀.

Akínwálé ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ fún un, lọ́rì ayé àtijọ́ tí bọ́dì rẹ̀ jẹ́ pákó. Ọdún mẹ́sàn-án ni lọ́rì náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1988, Akínwálé ní àfi kí òun jí i dìde.

Láàárọ̀, lọ́rì, lọ́sàn-án, lọ́rì. Dorcas ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún àkọ́bí wọn. Ó máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé òun ní orogún, lọ́rì sì ni ìyálé. Akínwálé á kàn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sì pè é wá sí ilé Ọlọ́run, á ní bí lọ́rì bá ti gbéra, òun náà á gbéra.

Títílọlá ìyá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ nítòsí Sábó, kí ó lè máa jọ́sìn ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti rì í bọmi. Ṣùgbọ́n ó fi pákó ìrókò mẹ́fà sílẹ̀ ní àjà ilé ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Pákó pósí rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣe nígbà náà: wọn ò fẹ́ kí ikú àwọn di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Elijah gbẹ́nàgbẹ́nà, díákónì ìjọ wọn, ló wá bá a fá wọn ní Ọ̀yọ́, ó sì fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú kékeré sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bọ́dì lọ́rì wá ku pákó mẹ́fà. Akínwálé gbójú sókè wo àjà. Ó ní ṣebí ara Màmá ṣì le. Bí lọ́rì bá ti ń ṣiṣẹ́, òun á fi òmíràn rọ́pò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó kàn wọ́n mọ́ lọ́rì, ó fi ọ̀dà búlúù bò wọ́n. Ó tún ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pákó mẹ́fà náà pé: MO DÚPẸ́ LỌ́WỌ́ ÌYÁ.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀dà náà gbẹ ni Dorcas bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ karùn-ún ọmọ ni ìròyìn dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé Màmá ti sùn. Wọ́n ní kí Akínwálé máa gbé pákó bọ̀.

Dorcas kò lè gbé ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ rìnrìn àjò, nítorí náà Akínwálé nìkan ló wa lọ́rì lọ. Bí ó ti dé, ẹbí yí i ká, wọ́n ń yìn ín pé ọmọ gidi ni, ó tún nǹkan bàbá rẹ̀ ṣe. Ràmọ́tà, àbúrò ìyá rẹ̀, bi í pé pákó dà.

Ó ní, "Olè gun àjà, Màmá."

Ràmọ́tà fẹ̀yìn ti bọ́dì lọ́rì, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹni tó jí ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi, kò ní rí ibi sùn. Ọmọ tó bá bí kò ní sin ín."

Gbogbo agbo ṣe àmín. Ràmọ́tà yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́? Àbí kì í ṣe ìyá tìẹ ni?"

Akínwálé rántí ọmọ ọjọ́ márùn-ún tó fi sílé. Ó ní, "Àmín."

Elijah ní kò sí wàhálà, pákó díẹ̀ wà ní ìsọ̀ òun, kí Akínwálé fi lọ́rì gbé òun lọ kó o. Bí ó ti fẹ́ gòkè, ó di ìdí pákó kan mú. Ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò wá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀dà bo àmì náà, ṣùgbọ́n kò dí i.

"Akínwálé, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Akínwálé fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó ní, "Bàbá Díákónì, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹni tó yẹ kó rí i ti rí i kí n tó dé. Lọ́jọ́ tí mo ń fá pákó yìí, ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń gbàdúrà fún ọ. Kò tọrọ ọkọ̀ fún ọ. Ó ní kí o mọ Jésù." Ó tẹ̀ síwájú: "Olè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù lórí igi. Kò ráyè dá ohun tó jí padà, síbẹ̀ Olúwa gbà á. Ìwọ ráyè. Èpè tí o ṣe àmín sí, Jésù ti gbà á rù lórí igi. Òòlù mi rèé."

Akínwálé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó ní, "Jésù, olè ni mí. Mo ja ìyá mi lólè, mo tún purọ́ lórí òkú rẹ̀. Ṣàánú mi, wẹ̀ mí mọ́." Nígbà tí ó dìde, ó padà sí àárín ẹbí, ó sì jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn.

Ràmọ́tà ká ọwọ́ lérí. Ọkùnrin kan ní, "Ọmọ gidi, ajípósí-ìyá." Akínwálé mú òòlù. Ó ń yọ ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, omi ojú àti òógùn kò jẹ́ kí ó ríran.

Ọ̀dà búlúù kọ̀, kò ṣí tán. Nígbà tí Elijah ń kan pósí, ó kọjú ọ̀dà náà sí inú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé e, Akínwálé rí ọ̀rọ̀ funfun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀: MO DÚPẸ́ LỌ́WỌ́ ÌYÁ. Ó fi agbádá bo ojú.

Ràmọ́tà wá bá a létí sàréè. Ó ní òun fi Jésù tí Elijah ń sọ yẹn sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n òun ká èpè òun kúrò lórí ọmọ ọwọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ ọmọ, lọ́rì wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo bí ẹnu àgbà tí eyín ti ká. Ẹni tó bá béèrè, Akínwálé á sọ fún un, kò fi bò. Tijésùnimí ló sọ ọmọ náà.

Ìwọ ọmọ mi tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, kí ni o fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀? Ènìyàn lè fẹ̀yìn tì í kí ó má mọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti fọwọ́ kan àmì rẹ̀. Akínwálé rí ìdáríjì gbà, síbẹ̀ ohun kan ń dùn ún di òní: kò rí ìyá rẹ̀ bẹ̀ kí ó tó kú. Jésù kò kú mọ́. O ṣì lè bẹ̀ ẹ́. Má ṣe sọ pé bí lọ́rì bá gbéra. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, pe ohun tí o ṣe ní orúkọ rẹ̀, kí o sì dìde lọ yọ ìṣó àkọ́kọ́ lónìí.