Ọjọ́ Mẹ́ta tí Taoheed Fi Pa Áàpù Rẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Alhaji Mùktárù Télọ̀ ṣì wà láyé. Àmúdàtù, ìyá tó bí i, náà wà. Eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ọmọdé lọ. Ìyàwó Alhaji, ìyá Jemilat ọmọ rẹ̀, nìkan ló ti lọ, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Máṣíìnì mẹ́rin ló ń dún ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn ní Múṣín láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Jemilat ló sì jókòó sí èyí tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù.

Ọjọ́ Àtìní kan ni Jemilat lọ ra òwú àti síìpù ní Tẹ́júoṣó, ní Yaba. Oòrùn mú gan-an. Ó rí ọkùnrin gíga kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà, ìwé pélébé-pélébé kún ọwọ́ rẹ̀, ó ń há a fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó há a fún ìyá oníbúrẹ́dì, ó há a fún ọlọ́pàá, ó há a fún bàbá àgbàlagbà kan. Bàbá gbà á, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi nu bàtà. Ọkùnrin yìí rí i kedere. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé o, sà."

Ẹ̀rín yẹn ló dá Jemilat dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń tà?"

"Áàpù ni, àǹtí mi. Ìwọ̀n ni mo pè é. Télọ̀ á máa kọ ìwọ̀n oníbàárà sí i lórí fóònù, ìwé ò ní í sọnù mọ́ láéláé."

"Télọ̀ ni bàbá tó nu bàtà yẹn?"

"Rárá o."

"Ọlọ́pàá yẹn ńkọ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa ẹ̀ ni."

"Gbogbo èèyàn ò ní máṣíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ta nǹkan télọ̀ sì rèé, abíyá ẹ̀wù yín ti já títí dé ìhà."

Ó yára fi ìwé bo abẹ́ apá. "Ó dáa, ẹ bá mi rán an."

"Lára yín? Àwa kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára. Ẹ gbé e wá sí Múṣín, kí ẹ béèrè Bàbá Mùktárù Télọ̀."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, ọkùnrin náà ti dé, ó di ẹ̀wù sínú ọ̀rá dúdú. Taoheed lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni wọ́n bí i sí. Ó ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ nítorí áàpù yìí. Ó ti san owó ìpolówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló gbé áàpù náà sórí fóònù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́ kù tó ń ṣí i.

Jemilat gé òwú tó kù lára ẹ̀wù. "Àwọn tó wọlé ò jókòó, o tún ń lọ pe àwọn mìíràn wá. Fi ìpolówó sílẹ̀ ná. Wá ẹni mẹ́wàá tó ń ránṣọ lóòótọ́. Jókòó tì wọ́n, máa wo ọwọ́ wọn. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti dúró, béèrè ìdí. Bí ẹni mẹ́wàá bá gbádùn ẹ̀, àwọn fúnra wọn á pe ẹni ogún."

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Ta ló kọ́ mi? Báyìí ni ìyá mi ṣe kó oníbàárà jọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí."

Bí Taoheed ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, láti Múṣín dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọ̀kan sì wà lẹ́bàá Costain. Jemilat bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi gbà kí tiwọn náà wà nínú mẹ́wàá. Lójoojúmọ́ ni Taoheed ń yà. Bí kò bá ní gúgúrú lọ́wọ́, á ní ẹ̀pà. Á ní áàpù lòun wá wò; ojú Jemilat ló máa ń wò.

"Adúmáradán," ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, "nǹkan tí mò ń ṣe yìí lè má yọrí o. Ṣé wàá ṣì dúró tì mí?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo dúró tì ẹ́? Máṣíìnì mi ni mo jókòó tì." Ṣùgbọ́n ó ti rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ibi ọrùn, kò sì mọ̀. Taoheed ló nàka sí i. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Alhaji Mùktárù kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin yìí dà?"

"Orí fóònù ni, Bàbá."

"Tí mo bá fẹ́ lọ bá a jà, ibo ni màá lọ?"

Ìjà náà kò pẹ́ kó tó dé. Gbogbo ẹni tó ti ránṣọ rí l'Ékòó mọ̀ pé ọjọ́ tí télọ̀ bá dá fúnni, kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an. Bó bá ní Jímọ̀, Jímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Oníbàárà mọ̀, télọ̀ mọ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé bẹ́ẹ̀. Taoheed tó jẹ́ pé aṣọ rírà ló ń wọ̀ láti kékeré ni kò mọ̀. Ó ti ṣe é sínú áàpù pé bí ọjọ́ àdéhùn bá ti pé, kó fúnra rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ìyàlẹ́nu ló fẹ́ fi ṣe fún wọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Jemilat pàápàá ò mọ̀.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́jọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù dún káàkiri àdúgbò: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ yín ti ṣetán. Ẹ máa bọ̀ wá gbà á."

Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí èèyàn bíi ogójì fi kún iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Mùktárù. Ọ̀pọ̀ aṣọ ni wọn ò tíì gé. Sìdíkàt, oníbàárà wọn láti ogún ọdún, rí léèsì rẹ̀ nínú ọ̀rá bó ṣe gbé e wá.

"Mùktárù! O ti parọ́ fún mi lẹ́nu rí, mo gbà. Ó wá di orí fóònù?"

"Sìdíkàt, kì í ṣe èmi ni mo…"

"Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀! Ta ni kí n bi, àǹjọ̀nnú?"

Wọ́n ń fa aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Alhaji Mùktárù gbé ọwọ́ sókè láti pàrọwà, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. Jemilat sáré dì í mú. Ara bàbá rẹ̀ wúwo bí àpò ìrẹsì.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò gbọdọ̀ bínú mọ́. Nígbà tí Taoheed dé ẹnu ọ̀nà, bàbá kọ ojú sí ògiri. Jemilat jáde lọ bá a.

"Èmi ni mo mú ẹ wọlé," ó ní. "Tí bàbá mi bá kú, èmi ni mo pa á. Ṣé o gbọ́? Máa lọ."

Ó lọ. Láti ọjọ́ náà, àyà Jemilat kò balẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rù kí bàbá òun má dìde mọ́. Nígbà tí bàbá ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, ó tún bẹ̀rù kí Taoheed má padà wá mọ́, ojú sì ń tì í pé ó ń ro èyí mọ́ ìyẹn.

Fadilah, ọ̀kan nínú télọ̀ mẹ́wàá náà, tó wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ló wá sọ ohun tí Taoheed ń ṣe fún un. Ó ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń fira rẹ̀ ránṣẹ́ yẹn. Ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó sì ń béèrè: "Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló dé tí ẹ fi sọ Jímọ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé kò lè jẹ́ Jímọ̀?"

"Kí lẹ fèsì?" Jemilat bi í.

"Mo ní tí mo bá sọ òótọ́ ọjọ́ fún wọn, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n máa gbé e lọ. Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní òun rò pé ìwé tó ń sọnù ló ń dà wá láàmú, àṣé ìbẹ̀rù kí oníbàárà má lọ ni."

Ibẹ̀ ni áàpù ti yí padà. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, nígbà tó bá wù ú: "A ti gé aṣọ yín." "A ti rán an, ó ku bọ́tìnnì." Oníbàárà tó bá rí i pé wọ́n ti gé aṣọ òun kì í pariwo, kì í gbé aṣọ kúrò. Jemilat ránṣẹ́ pe Taoheed, ó ní òun ò bínú mọ́. Ó tún gbé áàpù náà sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù wọn, kò sọ fún bàbá. Bàbá rí i, kò bá a wí. Sìdíkàt gan-an padà wá, ó gbé áńkárá méjì dání.

Oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Taoheed àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Lateefah, wá tọrọ Jemilat. Taoheed dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì.

"Dìde," ni Alhaji Mùktárù wí. "Mi ò bínú mọ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi tọrẹ lórí nǹkan tó jẹ́ pé bó bá sọnù, ẹnì kan ò ní í wá a. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lo fi bẹ̀rẹ̀, àbí? Pa á. Ọjọ́ mẹ́ta. Má sọ ìdí ẹ̀ fún wọn. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá wá a fúnra wọn kó tó di Màgíríbì ọjọ́ kẹta, yìgì yá. Bó bá ku ẹyọ kan, lọ wá iṣẹ́ mìíràn àti ìyàwó mìíràn."

"Alhaji, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kẹ̀?" Lateefah figbe bọnu.

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

Taoheed wo Jemilat. Ó mú fóònù jáde, ó pa á lójú wọn.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kò pè. Jemilat ń ránṣọ, ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù. Abẹ́rẹ́ gún un níka lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ó di ọ̀sán kí Fadilah tó pè, inú ń bí i: "Níbo lẹ gbé nǹkan mi lọ?" Ẹni méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Mẹ́ta péré. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn télọ̀ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Tàjùdéèn gun ọ̀kadà wá láti Costain. Teslim wá, ó ń ṣépè. Wọ́n ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan sí iwájú Taoheed tó jókòó sí ìta bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n di mẹ́sàn-án.

Jemilat kà wọ́n lórí ìka. Ó tún wọn kà. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. "Ta ló kù? Taoheed, ta ló kù?"

Taoheed yí ojú sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

Láti inú pálọ̀ ni Ìyá Àgbà Àmúdàtù ti sọ̀rọ̀. "Ṣọ́ọ̀bù tiwa ńkọ́? Ṣé kò sí nínú mẹ́wàá ni?"

Alhaji Mùktárù jókòó sórí àga rẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Jemilat mọ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ jáde lẹ́nu, kì í gbé e padà. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ohun tó lè fi bẹ̀ ẹ́.

"Mùktárù," ni ìyá rẹ̀ tún wí, "ìwọ lo kù."

Bàbá náà yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó tún tú u. "Láti àná ni mo ti ń wá a," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Sìdíkàt pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un." Ó gbójú sókè. "Taoheed, tan nǹkan yẹn, jọ̀ọ́. Kí o sì lọ mú àwọn ẹbí rẹ wá."

Inú pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti so yìgì, ní ọjọ́ Láádì, pẹ̀lú dàbínù àti omi tútù. Jemilat fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tí wọ́n wọ̀. Nígbà tí áfáà bi í bóyá ó gba Taoheed, ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Taoheed tẹ ìka rẹ̀ díẹ̀, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àyànfẹ́ mi, wọ́n ń dúró o."

"Mo gbà á," ni Jemilat wí, gbogbo ilé sì ṣe àmín.

Jemilat ò tíì pé oṣù kan nílé ọkọ tí áàpù náà fi wọ ṣọ́ọ̀bù tó lé ní igba, láìsan kọ́bọ̀ fún ìpolówó. Àwọn oníbàárà ló ń bi télọ̀ wọn pé kí ló dé tí tiwọn kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Taoheed kò fi ṣọ́ọ̀bù Múṣín sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ iṣẹ́ tí òun ń tà. Àràárọ̀ ni àna rẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àtàlátà kan ni, aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Jemilat wà nídìí máṣíìnì. Bàbá rẹ̀ na aṣọ gínì funfun sórí tábìlì, ó di etí kan mú, ọkọ rẹ̀ di èkejì.

"Fà á kó le," ni Alhaji Mùktárù wí. "Aṣọ tó bá dẹ̀, sísọ́ọ̀sì ò ní í gé e tààrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má jù ú sílẹ̀."

Taoheed fà á. Etí ọ̀dọ̀ bàbá ni Jemilat rí tó kọ́kọ́ dẹ̀, kí bàbá tó rọra jókòó sílẹ̀, tí kò sì dìde mọ́.