Kẹ̀kẹ́ Kékeré Ara Okùn Omi

Ọjọ́ tí télọ̀ kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì náà nílé ìwòsàn, òòyì ń kọ́ ọ, àmọ́ ó rí i dáadáa: obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí aago so mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, tó ń fi ìka méjì wá iṣan lápá rẹ̀. Ọ̀fìnkìn líle ló gbé télọ̀ dè. Ibà ti lọ, ṣùgbọ́n kò sí omi lára rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e.

"Ẹ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ẹ wá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí, abẹ́rẹ́ okùn rọ́bà tí omi ń gbà wọ ara sì ti wọlé. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì bá obìnrin náà lọ.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé awakọ̀ tírélà kan sórí ibùsùn kejì. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni nọ́ọ̀sì wá ń pẹ́ sí. Á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á rọra máa fọwọ́ pa á, wọn á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọn á rẹ́rìn-ín. Télọ̀ jowú débi pé kò fẹnu kan ọbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé wá.

Nọ́ọ̀sì ní bí omi yìí bá ti tán, kó máa lọ sílé. Ilé kẹ̀? Kó fi pápá sílẹ̀ fún awakọ̀? Bí obìnrin náà ṣe kẹ̀yìn, télọ̀ yí kẹ̀kẹ́ kékeré ara okùn rọ́bà náà, omi dúró. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun okùn náà. Ó figbe ta.

Nọ́ọ̀sì sáré dé. "Ta ló ti omi yìí pa?"

"Èmi ni. Mi ò fẹ́ kó tán. Tí mo bá lọ, ẹ ó kàn máa di ọwọ́ tìyẹn mú ni."

"Iṣan rẹ̀ ló ń sá fún abẹ́rẹ́ mi." Ojú nọ́ọ̀sì le. "Ẹ níyàwó nílé, ẹ tún ń jowú nítorí tèmi."

"Ìyàwó wo?"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ti dá kún àìsàn mi. Láti àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń bi mí bóyá obìnrin tó ń gbé ọbẹ̀ wá ni ìyàwó yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi."

Nọ́ọ̀sì tún okùn náà ṣe, omi ń kán, àmọ́ kò fi ọwọ́ télọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, nọ́ọ̀sì dúró níwájú dígí nínú ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ kúnlẹ̀, ó ń rán etí aṣọ ìgbéyàwó tí obìnrin náà wọ̀. Ó ti tú u, ó tún un rán, ó tún ń tú u.

"Ọkọ mi, ọ̀la mà ni. Ìwọ lo tún ti omi pa, àbí?"

"Èmi ni. Mò ń wò ẹ́ ni."

"Ṣí i kó máa kán, jàre. Mi ò lọ síbì kankan."

Télọ̀ ta kókó sídìí òwú náà, ó sì fi eyín já a.