Orúkọ Kan Tí Hillevi Gbé Mì

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, inú mi dùn sí ọ. Jókòó. Orin ló kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n ìtàn ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí orin náà kò ní yé ọ láìsí ìtàn.

Ní abúlé wa ní àríwá Sweden, ọmọge kan wà tó ń jẹ́ Hillevi. Ó rẹwà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá sí ijó, ó sì máa ń fi àwa ará ilé àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́. Tuva lọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Torkel sì ni àfẹ́sọ́nà Tuva.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí Tuva lọ ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, Hillevi bá Torkel sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ewé ń wọ́, Hillevi lọ sí kíliníìkì àwọn ọ̀dọ́ fún ọ̀ràn mìíràn. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní kílamídíà wà lára rẹ̀. Ẹnu yà á, nítorí kò síbi tó ń dùn ún. Agbẹ̀bí ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí olè tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ló ń wọlé, bó bá sì pẹ́ lára obìnrin, ó lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Kò bá a wí. Ó fún un lóògùn, ó mú kálámù, ó ní kó dárúkọ gbogbo ẹni tó ti bá sùn, nítorí òfin ni. Wọn á kọ lẹ́tà pè wọ́n wá yẹ ara wọn wò. Orúkọ Hillevi kò ní sí nínú rẹ̀.

Hillevi dárúkọ méjì. Ó wá rántí pé Tuva ti dé, pé òun ló sì ń ṣí àpótí lẹ́tà nílé Torkel.

"Ṣé gbogbo wọn nìyẹn?"

Ó gbé ìkẹta mì. "Gbogbo wọn nìyẹn."

Oògùn ṣiṣẹ́, ara Hillevi mọ́. Tuva fẹ́ Torkel. Ọdún mẹ́fà kọjá, kò sọ́mọ.

Ilé ààrò kan wà lábúlé wa, níbi tí àwa obìnrin ti ń jọ yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ kí Kérésì tó dé. Ẹnìkan kì í dá a yan. Lọ́jọ́ yẹn, Hillevi ń tẹ̀ ẹ́, Tuva ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀, Ìyá Gunvor, arúgbó ilé àdúrà, ló ń yí i lójú iná.

Tuva ní àwọn dókítà ti rí ìdí rẹ̀. "Wọ́n ní ọ̀nà méjèèjì ti dí. Àrùn àtijọ́ kan ló fà á. Mi ò tiẹ̀ mọ̀gbà tó wọ̀ mí lára." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, ìyẹ̀fun kù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo ṣe."

Búrẹ́dì fàya lọ́wọ́ Hillevi. Òmíràn tún fàya.

Ìyá Gunvor ní, "Ìbọ̀sẹ̀ olóògbé ọkọ mi ò lu tó báyìí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Tuva jáde lọ kó igi. Ìyá Gunvor wojú Hillevi, ó bi í léèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú. Hillevi sì sọ gbogbo rẹ̀, láìmí.

"Mi ò lè sọ fún ọ pé kò burú, ọmọ mi. Ó burú. Ṣùgbọ́n Jésù ò kú nítorí ohun tí kò burú."

"Ìyá, ṣé mo lè bá Ọlọ́run nìkan sọ ọ́?"

"Òun ni kó o kọ́kọ́ bá sọ. Á wá rán ọ lọ bá Tuva níbi igi."

Hillevi kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Àdúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé kò gùn. Ó ní, "Jésù, Torkel ni."

Ó dìde, ó jáde, ó sọ ọ́ fún Tuva. Tuva kò lù ú. Ó gbé igi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rìn lọ sílé nínú yìnyín láìwọ kóòtù. Torkel náà ní tirẹ̀ tó jẹ́wọ́ nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Odidi ọdún kan, Tuva kò kí Hillevi.

Kérésì tún kù dẹ̀dẹ̀. Hillevi ń tẹ búrẹ́dì, ilẹ̀kùn ṣí. Tuva wọlé, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó dúró síwájú rẹ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ kó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ." Ìyá Gunvor bá gbé orin:

Mo bò ó mọ́lẹ̀, Ó rí i,
Mo gbé e mì, Ó gbọ́ ọ,
Mo dárúkọ rẹ̀, Ó gbé e lọ.

N kò ní parọ́ fún ọ: ọ̀nà tó dí lára Tuva kò là. Ṣùgbọ́n ọkàn Hillevi là, ó sì ń kọrin yìí títí di òní.

Ìwọ ńkọ́? Orúkọ wo lo gbé mì? Bó bá jẹ́ ara rẹ lo ń bẹ̀rù fún, lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la, kó o sì jẹ́ kí ẹni tó kàn gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í dúró de ọ̀la. Ẹnìkan lè wà níbì kan báyìí tó ń di ẹ̀bi tìrẹ ru ara rẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Jésù ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Dárúkọ rẹ̀ fún Un lónìí.