Ọjọ́ Tí A Ya Gáréèjì Tíṣà Sí Mímọ́

Kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́... pọ̀ọ́! Lẹ́yìn náà, gbùùùù.

Bí Pijó bàbá mi ṣe máa ń jí láàárọ̀ ọyẹ́ nìyẹn, nílé wa ní Òkèlísà, ní ìlú Oǹdó. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ní Kánádà tí mo wà yìí, mọ́tò kì í pariwo. Ẹ ó kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Síbẹ̀, ariwo tilé ni etí mi ṣì ń wá.

Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni fọ́tò tí Ayọ̀kúnlé, ọmọ àbúrò mi, fi ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́. Ó ti sọ ilé ìdáná àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ di gáréèjì. Ó kùn ún, ó fi ilẹ̀kùn onírin sí i, ó sì fi bíríkì dí gbogbo fèrèsé rẹ̀.

"Dádì Kánádà, ẹ wò ó!" ló kọ sábẹ́ fọ́tò náà. "Olè kankan ò lè wọ ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà, inú ibẹ̀ la ó ti máa tàn án."

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín gáréèjì yìí àti yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń sùn.

Àyà mi já. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ, mo tún pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ kó sọ pé bàbá òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ òfin rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé bí mo bá máa kìlọ̀ fún un, àfi kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi ṣe.

Ọdún tó tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n wọ́gi lé ìdìbò ààrẹ ni. Epo wọ́n bí ojú. Olè ò tiẹ̀ jí mọ́tò mọ́. Rọ́bà ni wọ́n ń tì bọ inú táǹkì láti fa epo lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa ti bàbá mi gbẹ. Àkúrẹ́ ló sì ti ń ṣiṣẹ́, nílé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni bàbá mi wí. Tíṣà Oyèlékè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. "Inú sítọ́ọ̀ kòkó bàbá mi ni Pijó yóò máa sùn."

Ẹ̀yìnkùlé ni sítọ́ọ̀ náà wà. Bàbá bàbá mi ló fi amọ̀ mọ ọ́n nígbà tí kòkó ṣì jẹ́ kòkó. Ó lu fèrèsé kéékèèké mẹ́fà sí abẹ́ àjà rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí àwọn àpò.

Adélaní, bíríkìlà ará Àkúrẹ́, ló gba iṣẹ́ náà. Ó fẹ ẹnu ọ̀nà, ó da kọnkéré lé orí rẹ̀ kí ògiri má baà wó, ó sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, gbé àpótí rẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti máa wòran. Ó ní òun ò rò pé sítọ́ọ̀ ọkọ òun tún lè jí dìde.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé nìkan ló dá ìjà díẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n fi àwọn fèrèsé òkè yìí sílẹ̀," ni Adélaní wí. "Ulé kòkó lèyí. Àwọn àgbà tó lu ihò sí i mọ ìdí tí wọ́n fi lù ú."

"Kòkó ló máa ń bu bí kò bá rí atẹ́gùn," ni bàbá mi dáhùn. "Ìwọ ti rí mọ́tò tó bu rí?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ibẹ̀ ni olè máa gba ti rọ́bà rẹ̀ wọlé. Dí i pa!"

Adélaní dí i pa.

Nígbà tó di Sátidé, a pe Bàbá Kátíkíìsì wá ya gáréèjì náà sí mímọ́. Àwa mẹ́rìnlá ni. Èmi ti Ìbàdàn wá pẹ̀lú Monílọ́lá ọmọ mi, ọmọ ọdún méje. Bàbá mi wa Pijó wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ọba, ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Tíṣà, ṣé a ò ní pa á ká tó gbàdúrà?" ni Bàbá Kátíkíìsì bi í.

"Kí n pa á kẹ̀? Bátìrì rẹ̀ ò lókun, bàbá. Bó bá kọ̀ tí kò jí mọ́ lójú gbogbo èèyàn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó gba àdúrà náà láàyè."

Kò yà wá lẹ́nu. Bí a ti máa ń ṣe é ládùúgbò wa nígbà náà nìyẹn: mọ́tò tí a bá ń gbàdúrà lé lórí kì í sùn.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé e wọlé sára àwọn ìyá ìjọ.

"Gèlè mi o! Ẹ tilẹ̀kùn!" ni Ìyá Goodness, aládùúgbò wa, pariwo.

Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn onírin náà. Èmi náà ni mo fi irin dábùú rẹ̀.

Òórùn epo gba gbogbo inú ilé.

"Òórùn ọlá nìyí!" ni Ìyá Goodness wí, ó sì fa imú. "Lọ́dún yìí, ta ló ń rí epo jó? Ó sàn ju lọ́fínńdà lọ!"

A rẹ́rìn-ín, a kọrin títí dé ẹsẹ kẹfà. Bàbá Kátíkíìsì wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Orí ọkọ̀ Nóà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin Fáráò, Màmá Àgbà ti ń yán léraléra. Orí ń fọ́ mi. Mo rò pé ebi ni. Ìyá Goodness fi ọwọ́ di iwájú orí rẹ̀ mú. Bàbá Kátíkíìsì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Haa! Ẹ̀mí ti bà lé e!" ni ẹnì kan kígbe.

"Àmín!" la fi gbè é.

Monílọ́lá fa aṣọ mi. "Dádì, ilẹ̀ ń yí."

"Pa ojú dé, kí o gbàdúrà," ni mo wí fún un.

Ó pa ojú dé lóòótọ́. Ó sì ṣubú.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ wó o. Àǹtí Ìbídùnní ni, àbúrò bàbá mi, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́. Kò tètè rí ọkọ̀ wọ̀ ni kò ṣe tètè dé.

"Ta ló ń tan mọ́tò nínú ilé tí a tì pa? Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Mo yọ irin náà. Àǹtí já wọlé.

"Ẹ pa á! Ẹ jáde, gbogbo yín! Ẹ gbé ọmọ yẹn síta!"

"Ìbídùnní, a ò tíì ṣe àmín," ni bàbá mi ń wí, ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́.

"Ẹ ó ṣe é nínú òjò, bọ̀ọ̀dá mi!"

A gbé Monílọ́lá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àǹtí fi í dẹ̀gbẹ́, ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó yá, ọmọ náà wúkọ́, ó la ojú.

"Dádì, ṣé wọ́n ti pín ìrẹsì?"

Ẹ wo ẹ̀rín! Ẹ wo ẹkún! Ìyá Goodness tó ń sá fún òjò bọ́ sáàárín àgbàlá, ó ń jó, gèlè ń ro omi sí i lójú. Àdúrà yẹn ni a ṣe àmín rẹ̀ jù lọ láyé wa.

Àǹtí nìkan ni kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ara yá nìkan kò tó. Àwọn aládùúgbò ti Pijó títí ó fi jí, òun fúnra rẹ̀ sì wà á, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣíṣí, ó gbé Monílọ́lá àti Màmá Àgbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún wọn ní ọ́síjìn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lórí iyán, bàbá mi bi Àǹtí léèrè. "Ṣé òórùn epo yẹn ló fẹ́ pa wá?"

"Òórùn yẹn, ẹ gbọ́ ọ. Èyí tó ń pani tó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Yóò gba ààyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, òòyì á máa kọ́ni, oorun á máa kunni. Ẹni bá sùn síbẹ̀ lè má jí mọ́."

Bàbá Kátíkíìsì họ orí. "Nọ́ọ̀sì, àṣé kì í ṣe Ẹ̀mí ló bà lé mi?"

"Bàbá, ẹ̀mí yín ló ń múra àtilọ!"

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bàbá mi fúnra rẹ̀ gun àkàbà, ó fi hámà lu fèrèsé àkọ́kọ́ ṣí. Adélaní dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó.

"Tíṣà, ṣé mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ni?"

"Mọ́tò kọ́," ni bàbá mi dáhùn. "Orí mi ló bu."

Wọ́n ṣí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí wọn, rọ́bà olè kankan ò sì wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìta la ti ń jí Pijó. Gbogbo ilé ló ń tì í jáde láàárọ̀, Màmá Àgbà á sì máa pàṣẹ láti orí àpótí: "Ẹ tì í bí ẹni jẹun kánú!"

Lánàá, mo jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò pa á rẹ́ mọ́. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Ayọ̀kúnlé nìyí:

"Ayọ̀kúnlé ọmọ mi, gáréèjì rẹ dára, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ṣí àwọn fèrèsé yẹn padà. Irin àti nẹ́ẹ̀tì tó fún olè. Má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú ibẹ̀ láé, bí ilẹ̀kùn tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn yín, kó sì jìnnà sí ti aládùúgbò. Bí o bá ti tan mọ́tò, wà á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pé kó gbóná. Má sì tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo síbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má pè é ní ebi. Ẹ jáde sí atẹ́gùn, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù, kódà bí ara bá ti fúyẹ́. Èmi ni mo fi irin dábùú ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi lọ́jọ́ kan, mo sì ní kó pa ojú dé. Bi Monílọ́lá, yóò sọ fún ọ. Gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, kí o pè mí. Mo ti gbé fóònù lé itan, mo ń retí rẹ."